Irin Tiwa, Imí-ọjọ́ Tiwọn

Ẹ má bínú bí ohùn mi bá le. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí láti ọdún méje, n kò sì tíì rí ẹni sọ ọ́ fún.

Èmi ni mo ń pèsè ohun èlò fún Ọ̀gá Delpuech, olùkọ́ kẹ́mísírì ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà létí odò Lot nílẹ̀ Faransé. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi fọ ìgò rẹ̀, tí mo fi dá iná rẹ̀, tí mo fi wọn ohun gbogbo tó bá fẹ́ sun tàbí tó fẹ́ yọ́. Ní ìlú wa, ọmọdé pàápàá ń tọ́ wáìnì wò, ṣùgbọ́n èmi kì í mu ju omi lọ, torí wáìnì ló pa bàbá mi. Ọ̀pọ̀lọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí. "Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́, ẹ kú omi o!" Ọ̀gá fúnra rẹ̀ a máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìjà ńlá wà láàrin àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì wa nígbà náà. Àwọn àgbà Paris ní kò sí ohun tó ń jẹ́ átọ́mù, pé ta ló fojú rí i rí? Nọ́ńbà tiwọn ni wọ́n sì ní kí gbogbo olùkọ́ máa fi wọn ohun tí wọ́n bá fẹ́ pò pọ̀: irin, méjìdínlọ́gbọ̀n, imí-ọjọ́, mẹ́rìndínlógún. Ọ̀gá mi ní tirẹ̀ gba átọ́mù gbọ́ bí ẹni gba Ọlọ́run gbọ́. Nọ́ńbà tiwa jẹ́ ìlọ́po méjì tiwọn: irin, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, imí-ọjọ́, méjìlélọ́gbọ̀n. Èyí tó bá wù ọ́ ni kó o mú, iṣẹ́ á yọrí, kó o ṣáà ti dúró sójú kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ọ̀gá já wọlé.

"Hilarion! Herbecourt ti dé o!"

"Herbecourt wo, Ọ̀gá?"

"Aláyẹ̀wò láti Paris! Ẹnì kan ti lọ ṣòfófó fún un pé átọ́mù ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Bó bá rí i pé òótọ́ ni, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Yáa gbé àtẹ nọ́ńbà wa pamọ́, kó o gbé tiwọn kọ́. Kó o sì wọn irin àti imí-ọjọ́ sílẹ̀ fún mi, èyí tó rọrùn ni ká ṣe."

Mo ti àtẹ wa sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé ti àwọn ará Paris kọ́ sára ògiri, mo fi apá ẹ̀wù nu eruku rẹ̀. Mo ti ń gbọ́ bàtà wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wọn irin, nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí mi bí orúkọ ìyàwó mi. Nígbà tó kan imí-ọjọ́, ẹ̀rù gbá a lọ lọ́kàn mi. Mo gbójú sókè wo ògiri, mo sì wọn ohun tí mo rí níbẹ̀. Irin tiwa, imí-ọjọ́ tiwọn: irin fi ìlọ́po méjì pọ̀ jù. Áà! Níbo lorí mi wà?

Herbecourt jókòó síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ogójì akẹ́kọ̀ọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá po irin mọ́ imí-ọjọ́, ó gbé e léná, ó pọ́n bẹ̀lẹ̀jẹ̀, ó tutù, ó dúdú.

Ọ̀gá ní, "Kì í ṣe irin mọ́, kì í ṣe imí-ọjọ́ mọ́. Ohun tuntun ni. Òòfà ò lè gbé e."

Ó na òòfà sí i. Kó! Ó lẹ̀ mọ́ ọn.

Herbecourt ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ohun tuntun yín yìí ṣì ń rántí ilé o." Ó wá yíjú sí mi. "Ṣé ìwọ lo wọ̀n ọ́n? Àtẹ wo lo wò?"

Bí mo bá sọ òótọ́, àtẹ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù á jáde, Ọ̀gá mi á sì di aláìríṣẹ́. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní òun ni kò mọ iṣẹ́.

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀! Irin èló lo wọ̀n?"

"Mo ti mutí, alàgbà," ni mo wí. "N ò mọ ohun tí mo wọ̀n."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ogójì ọmọ tó ń pè mí ní Ọ̀pọ̀lọ́ ń wo Ọ̀gá. Èmi náà ń wò ó. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, mò ń retí ni. Mò ń retí kó pariwo pé, "Irọ́ ni! Hilarion kì í fẹnu kan ọtí!" Ọkùnrin tó lè bá gbogbo Paris jà nítorí ohun tẹ́nì kan ò rí rí, èmi tó ń rí láràárọ̀ ńkọ́?

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì," ló wí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun.

Herbecourt dìde. "Ó tán. Kó máa lọ lónìí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kí n tó kúrò níbí, pé ọtí ni."

Wọ́n gbé ìwé ńlá náà wá. Ọ̀gá ti kálàmù bọ tàdáwà, ó kọ "Hilarion," ó dúró. Ó tún dúró. Ó wá gbójú sókè, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí pé:

"Jọ̀ọ́, kí ni orúkọ bàbá rẹ?"

"Rouquayrol," ni mo wí. Mo sì pè é fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa ṣì í kọ.