Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tí Àdìó Gbé Bá Ìyá Búrẹ́dì

"Ìnṣọ́ránsì tí mò ń tà, odò pàápàá ń bẹ̀rù ẹ̀!" Àdìó ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Sọ̀fíyátù n'Íbafò. "Lọ́dún tó kọjá, mọ́tò oníbàárà mi kan já sómi. Mo kàn na ìwé ìnṣọ́ránsì ẹ̀ sókè báyìí, ni odò bá pọ mọ́tò náà jáde. Àwọn ẹja ti fọ̀ ọ́, wọ́n tún ti rọ epo sí i!"

"Ẹja wo ló ń ta epo, Àdìó?"

"Èyí tó bá ti mọ̀ mí ni, Ìyá Búrẹ́dì."

Sọ̀fíyátù rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò kọjá eyín. Mọ́tò Sienna rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rún bí páànù tí erin jókòó lé. Jẹ́jẹ́ ló páàkì láàárọ̀ àná tí tipa oníyanrìn kan fi ẹ̀yìn rìn wá bá a. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò ṣí mọ́, ibẹ̀ sì ni búrẹ́dì ń gbà wọlé. Èyí tó yẹ kó ti dé Magboro àti OPIC ti le débi pé bíríkìlà lè fi mọ ilé alájà méjì. Àwọn oníbàárà ti ń pè, wọ́n ní bí kò bá wá lọ́la, àwọn á mú ẹlòmíì. Bí wọn ò bá tètè tún mọ́tò yẹn ṣe, òwò ti bọ́ nìyẹn.

Abẹ́ agboòrùn létí títì ni ọ́fíìsì Àdìó, níbi tó ti ń bá èèyàn ṣe ìwé ọkọ̀. Kò dá wá láàárọ̀ yìí. Bàbá Ògúnlàdé, ẹni tó ni tipa, ló bá a wá láti Ìfọ̀. Bí Bàbá ṣe wọlé, ló bá ṣí fìlà.

"Ìyá Búrẹ́dì, ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe. Dẹ́rẹ́bà mi ni ò wẹ̀yìn."

Háà! Kí àgbàlagbà ṣí fìlà fún ọ, kó o ní o ò gbà? Ó sàn kó o gbá ìyá ọkọ rẹ létí lọ́jọ́ ọdún. Sọ̀fíyátù kúnlẹ̀ kíá. "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ dé fìlà yín. Mo ti gbà."

Kò tíì dìde tí Àdìó fi ti bébà kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, bíró tẹ̀lé e. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ó ti forí jì, kò ní ní kẹ́nikẹ́ni tún mọ́tò òun ṣe, kò sì ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ títí ayé.

"Ẹ fọwọ́ sí i," Àdìó wí, "kí n wá ta ìnṣọ́ránsì gidi fún yín. Tọ́ọ̀dì-pátì tẹ́ ẹ ní yẹn, tẹni tẹ́ ẹ bá kọlù ló ń tún ṣe, kì í wo tiyín. Tèmi kárí gbogbo ẹ̀! Bí olè bá jí mọ́tò yín, olè yẹn fúnra ẹ̀ lá wà á padà wá, á tún bá yín gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù."

Bíró ti kan bébà nígbà tí ọ̀rọ̀ Jamilah sọ sí Sọ̀fíyátù lọ́kàn. Àbúrò rẹ̀ ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà kan. Ó ti wí fún un lórí fóònù pé, "Àǹtí mi, ìnṣọ́ránsì ẹni tó kọlù yín ni kẹ́ ẹ béèrè. Bí wọn ò bá ṣe é, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹ má ṣáà fọwọ́ síwèé kankan."

Ó gbé bíró sílẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé tipa yín ní ìnṣọ́ránsì?"

"Ó ní in! Àdìó yìí ló bá mi ṣe é."

"Kí la wá ń bẹ̀bẹ̀ fún? Mo ti forí ji dẹ́rẹ́bà yín, mi ò bá yín jà. Àwọn onínṣọ́ránsì ni kó wá tún mọ́tò mi ṣe."

"Ohun témi náà sọ nìyẹn! Àdìó ló ní ẹ̀bẹ̀ yá jù."

Òógùn bo Àdìó, èyí tí wọ́n lè fi po sìmẹ́ǹtì. "Wọn ò sí ní ọ́fíìsì. Wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà."

"Gbogbo wọn?"

"Àti ológbò wọn."

"Bàbá, ẹ jẹ́ n rí ìwé náà."

Bàbá yọ ọ́ lápò. Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbàgàdà. Sọ̀fíyátù tẹ̀ ẹ́, ó gbé fóònù sétí.

Ni nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò ṣòkòtò Àdìó.

Wọ́n jọ wo àpò náà. Àdìó náà wò ó, bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni itan.

"Gbé e," Bàbá wí. "Ṣé o ò gbọ́ ni? Wọ́n ń pe ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mi."

"Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló..."

"Ìyá Búrẹ́dì, ẹ fa bébà yẹn ya! Tipa mi ló ba tiyín jẹ́, èmi ni kẹ́ ẹ mú. Kí oòrùn tó wọ̀ lónìí, ilẹ̀kùn yẹn á ṣí. Èmi àti ẹni tó ta bébà lásán fún mi la máa jọ dé kóòtù. Ẹ bá mi tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yìí ná!"

Kí Sọ̀fíyátù tó nawọ́ sílẹ̀kùn, Àdìó ti gba abẹ́ apá rẹ̀ jáde. Ó fo gọ́tà, ó fo ọ̀kadà, ó fo èèyàn tó wà lórí ọ̀kadà. Bàtà rẹ̀ kan ò lè sáré tó o, ó dúró. Nígbà tí Bàbá fi máa ká agbádá léjìká, tó pariwo "Ẹ mú un!", Àdìó ti ń di kóńkó lójú ọ̀nà Magboro, fóònù náà sì ń dún lápò rẹ̀ lọ.