Ìyá Mi Nínú Ìfófòó Ọṣẹ

Súlé, kí a tó gbé ẹ̀rọ amómigbóná yẹn lọ fún ìyá mi, jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ọ.

Mo ti kan ẹ̀rọ náà mọ́ ògiri balùwẹ̀ wọn, omi ti kún inú rẹ̀. Mo ṣí gáàsì, mo sì fi ìfófòó ọṣẹ pa oríkèé páìpù bí a ti máa ń ṣe, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Ni ìfófòó náà bá ń wú, títí ó fi tóbi ju igbá lọ. Ìyá mi jókòó nínú rẹ̀ lórí ẹní ìkírun. Bí mo bá fún páìpù le, ìfófòó náà yóò bẹ́ mọ́ wọn lára. Bí n kò bá fún un, gáàsì yóò máa jò.

“Omi àlùwàlá ni mo ní kí o fún mi,” ni wọ́n wí, “o wá ń wò mí bí ẹni ń wo fọ́tò!”

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má tíì mí.”

Iná ẹ̀rọ náà ṣàdédé tàn, omi gbígbóná ń dà. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n fọ ẹsẹ̀.

“Ojú kù,” ni wọ́n wí. “Ìwọ ni o máa bá mi fọ̀ ọ́.”

Bí a ti ń ṣe fún òkú nìyẹn, Súlé. Ibẹ̀ ni mo ti jí. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo pè wọ́n.

“Omi ọyẹ́ yìí fẹ́ gé mi níka,” ni wọ́n fi dáhùn. Alihamudulilahi.

Ọlọ́run ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mú ọṣẹ dání. Bí omi bá ti gbóná lónìí, èmi ni màá fi àkọ́bù rẹ̀ fọ ojú wọn, nígbà tí wọ́n ṣì lè bú mi pé omi wọ àwọn létí.