Ta Ló Kó O Ràn Mí?

Lójú àlá, mo máa ń tọ̀ dáadáa. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí ìtọ̀ kò bá ta bí ata rí kò lè mọ adùn irú àlá bẹ́ẹ̀. Màá rí ara mi lẹ́yìn oko bàbá mi ní Odo-Ape, oòrùn á rọra wà lórí koríko, màá lóṣòó, omi á sì máa lọ lára mi gbọọrọ láìsí ìrora. Á máa lọ títí koríko á fi máa léfòó, èmi náà á sì máa bá a léfòó lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí mo bá jí, màá sáré fọwọ́ tẹ tìmùtìmù wò. Gbígbẹ ni. Kí n tó mí kanlẹ̀, ìrora á ti mú mi lábẹ́ ìdodo, màá sì forí lé ẹ̀yìnkùlé láti lọ tọ ohun tí kò kún ìdérí ìgò.

Báyìí ni mo ṣe wà láti ìgbà tí Hàmdálàt, ọmọ mi, ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Aṣọ ni mo ń rán ní Kábà. Ta ló fẹ́ télọ̀ tó ń sá dìde nídìí máṣíìnì kó tó rán apá kan tán?

Ọkọ mi, Bìláàlì, kò bá mi jà. Ì bá tiẹ̀ sàn kó bá mi jà. Ó kàn kúrò ní yàrá, ó lọ ń sùn ní pálọ̀. Nílùú wa, bí obìnrin bá ti ní ìtọ̀ ń ta òun, orúkọ kan ṣoṣo ló ń wá sẹ́nu èèyàn: àtọ̀sí. Àtọ̀sí kì í sì í ṣe ohun tí obìnrin ń he lójú ọ̀nà. Wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò títí nílé ìwòsàn, wọn ò rí nǹkan kan. Bìláàlì ní ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́. Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀rọ ló bàjẹ́! Ó dùn mí wọ egungun.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló dúró tì mí. Wọ́n máa ń ti Ayewa gbé àgbo wá fún mi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, egbò igi tí wọ́n rẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, tó kan gógó.

"Okun o, ìyàwó mi," wọ́n á kí mi bí a ṣe ń kíra wa. "Gbà, mu ún."

Màá mu ún. Kí oòrùn tó wọ̀, abẹ́ mi á ti di iná.

"Ó ń bá àrùn náà jà ni," wọ́n á ní, wọ́n á máa fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. "Fara dà á."

Ó ń jà lóòótọ́, àmọ́ èmi ló ń nà. Ìfẹ́ tí mo ní sí wọn kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n júwe dókítà obìnrin kan fún wa ní Lọ́kọ́ja, Dókítà Tiwaladé, tó mọ̀ nípa àpò ìtọ̀. Bìláàlì ní òun á bá mi lọ. Inú mi ti ń dùn kó tó sọ ìyókù.

"Etí ara mi ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ. Bó bá pè é ní ohun tí mo rò, Ìyá Hàmdálàt, má wulẹ̀ bá mi padà sí Kábà."

Ká ní mo fèsì ni, àwo ì bá fọ́ nínú ilé wa lọ́jọ́ náà.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ oorun, dókítà sì fi kámẹ́rà tín-ín-rín wo inú àpò ìtọ̀ mi. Nígbà tí ojú mi là díẹ̀, ó ti gba inú rọ́bà kan da oògùn síbẹ̀. Ó ní kí n má tíì tọ̀ ọ́ dànù, kí n máa yí ẹ̀gbẹ́ padà kó lè kan gbogbo ibi. Mo yí sọ́tùn-ún, ògiri funfun ń mì bí omi. Mo yí sósì, mo rí Bìláàlì lórí àga, ó kéré, ó jìnnà, àfi bíi pé ó wà lódìkejì odò. Ohùn dókítà ń gba orí omi náà kọjá.

"Kò sí kòkòrò níbẹ̀ rárá, Àlàájì. Kì í ṣe àtọ̀sí. Inú àpò ìtọ̀ wọn ló bó, tó degbò. Kò sẹ́ni tó kó o ràn wọ́n, àwọn náà ò sì lè kó o ran ẹnikẹ́ni."

"Kò sẹ́ni kankan?" Ohùn ọkọ mi nìyẹn.

"Kò sẹ́ni. A ó máa da oògùn yìí sí i láti ìgbà dé ìgbà. Ó lè má lọ tán, àmọ́ á rọlẹ̀. Kí wọ́n jìnnà sí ata àti ohun kíkan. Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń mu nílé?"

"Àgbo ìyá mi. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi rẹ ẹ́."

"Háà! Ọsàn wẹ́wẹ́ lójú egbò?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ àlá.

Láti Lọ́kọ́ja dé Kábà, Bìláàlì ń dá mọ́tò dúró kí n tó sọ pé mo fẹ́ tọ̀, á kọ ẹ̀yìn sí mi, á na agbádá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Inú ṣì ń bí mi. Ó yẹ kó bí mi.

Nírọ̀lẹ́, ó wọ yàrá wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin ló ń sùn sétí bẹ́ẹ̀dì, obìnrin á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń gba orí rẹ̀ kọjá kó tó lọ sí pálọ̀ bí mo bá fẹ́ jáde lọ tọ̀, tí á máa bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gun bẹ́ẹ̀dì, ó rá lọ sídìí ògiri, ó kájọ síbẹ̀, ó fi ọ̀nà ìta sílẹ̀ fún mi.

"Ẹ ò tíì bẹ̀ mí o," mo ní.

"Mo mọ̀," ó dáhùn, ó kọjú sí ògiri.

Mo dúró, mo wò ó títí.

"Ẹ sún sí i," mo ní. "Mo fẹ́ dùbúlẹ̀."