Ohun Tó Gba Ààyè Jù

Àtàǹpàkò ni Ọ̀gá Sítọ̀ fi ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pa iná orí. Fóònù ìyàwó rẹ̀ á bi í bóyá ó dá a lójú, á tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, á yínmú, á tún fa òmíràn wá. Fọ́tò ìdí ìkòkò tó jóná. Fọ́tò ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ nínú bàtà tuntun. Fídíò ajá kan tó ń sín, tí ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀ títí fídíò fi parí. Àdúrà òwúrọ̀ tí wọ́n kọ sára òdòdó pupa. Àdúrà alẹ́ tí wọ́n kọ sára òṣùpá. Àdúrà ọ̀sán, nítorí pé ọ̀sán náà kò gbọdọ̀ kọjá láìgba tirẹ̀.

“Ẹ wo ìdọ̀tí,” ó wí, ó sì gbé ohùn sókè kí ó lè dé yàrá kejì. “Ẹ wo ẹrù ẹni tí kò mọ ohun tó ń kó jọ.”

Àga ni wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà, obìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń sún tábìlì kúrò lójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú mìíràn ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe làálàá. Wọ́n fẹ́ gba tíṣà fún àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n á sì fún un ní yàrá nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ ọ̀hún gbọ́dọ̀ ya fídíò ara rẹ̀ níbi tó ti ń kọ́ni, kí ó sì fi ránṣẹ́ kí ọ́fíìsì wọn tó ti lónìí. Ìyàwó Ọ̀gá Sítọ̀ ti gbìyànjú láàárọ̀. Bó bá ti wí pé, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi,” fóònù á gé e lẹ́nu, á kọ ọ́ gàdàgbà pé ààyè ti tán. Fóònù nọ́ọ̀sì ti jábọ́ ní wọ́ọ̀dù, ojú kámẹ́rà rẹ̀ ti fọ́. Ti Ọ̀gá Sítọ̀ wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó mọ́ roro, ó ṣófo bí ilé ẹni tí àlejò kì í yà sí.

“Ṣebí lánàá ẹ ní ẹ máa yá mi ní tiyín,” ni ìyàwó rẹ̀ ti wí.

“Èmi? N ò sọ bẹ́ẹ̀. Fóònù iṣẹ́ ni tèmi, a kì í fi ṣeré ọmọdé. Ìwọ lo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.”

Kò bá a jiyàn. Nígbà kan rí, á jiyàn, á sunkún, á ní kí ó rántí ibi tó dúró sí nígbà tó sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀gá Sítọ̀ gbà pé ọgbọ́n ló wọ̀ ọ́ lórí nígbẹ̀yìn, ó sì ka ọgbọ́n náà mọ́ àwọn ohun tí òun fi kọ́ ọ.

“Gbé e wá,” ó wí, ó nawọ́ gba fóònù náà. “Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Kò sí sítọ̀ tó kún tí n kò lè tú.”

Lóòótọ́ ni. Ilé ìkẹ́rùsí àwọn tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ló ń bójú tó, àwọn alágbàṣe ibẹ̀ a sì máa kì í nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ tètè lọ sílé:

Ọ̀gá Sítọ̀, ọkọ páálí,
a-mọ-iye-ìṣó-bí-ẹni-mọ-eyín-ẹnu-rẹ̀;
ẹrù ń bẹ nínú òkùnkùn, ojú rẹ ni iná;
ẹlòmíràn wọ sítọ̀, ó fẹsẹ̀ kọ,
ìwọ wọ sítọ̀, sítọ̀ dìde kí ọ.

Orí rẹ̀ a wú, a sì jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Kò gbọ́ ẹ̀rín tí wọ́n ń rín bí wọ́n bá dé ẹnu géètì rí. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká di ẹni tí wọ́n ń kì níwájú, tí wọ́n ń sín jẹ lẹ́yìn.

“Ọ̀gá Sítọ̀, ṣé a ti ríbi fẹsẹ̀ lé?” Nọ́ọ̀sì ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, àdúrà tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí i ni mò ń kó. Àwọn ló ń gbé inú ilé onílé láìsanwó.”

“Kò burú. Àmín tí ẹ ò ṣe ni wọ́n ń dúró dè.”

“Ẹni tí Ọlọ́run fẹ́ gbọ́ tirẹ̀ kì í kọ ọ́ sára òdòdó.”

“Ẹni tó mọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ tó báyìí, kò yẹ kó jókòó sójú kan láti àárọ̀ kó máa bá fọ́tò ìkòkò jà. Ẹ ṣe é kíá. Oòrùn ń kúrò lójú fèrèsé.”

Ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá Sítọ̀ yínmú tẹ̀lé e, ó padà sídìí ìpakúpa rẹ̀.

Ó pa, ó pa, ilẹ̀ kò mọ́. Ìlà pupa tó ń fi bí fóònù ṣe kún tó hàn kò sún. Ó wá rí i pé fóònù náà ní àkìtàn tirẹ̀, níbi tí gbogbo ohun tí òun ti pa láti àárọ̀ jókòó sí, tí wọ́n ń wò ó, tí wọ́n ṣì ń gba ààyè. “Òkú tí kò gbà pé òun ti kú,” ó wí, ó da gbogbo rẹ̀ nù pátápátá. Ìlà pupa sún díẹ̀, bí ẹni tó kàn fẹ́ fi ojú àánú wò ó. Kò tó.

Nígbà náà ló rántí òfin tó máa ń là kalẹ̀ fún àwọn alágbàṣe: a kì í ṣa ìṣó nílẹ̀ nígbà tí irin ńlá dí ọ̀nà. Ẹrù tó wúwo jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí fóònù náà. Ó ní kí ó to gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó tóbi jù, fóònù sì tò wọ́n.

Kì í ṣe fọ́tò. Kì í ṣe fídíò pàápàá. Ohùn ni, ohùn tí wọ́n fi fóònù gbà sílẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì bí àpò sìmẹ́ńtì, wọn kò sì ní orúkọ kankan ju ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n lọ. Ó fi ìka fà á sókè, ó tún fà á sókè, kò tán.

Ìwàásù ni, ó rò. Obìnrin yìí á ti jókòó síbi ìsìn, á ti gba ohùn oníwàásù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì ní gbọ́ ọ mọ́ títí ayé. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lókè. Ṣùgbọ́n olùtọ́jú sítọ̀ kì í da àpò nù láìtú ẹnu rẹ̀ wò. Ó tẹ èyí tó wà lókè pátápátá.

Àwo kan ró. Wọ́n wọ́ àga kan nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Kò mọ ẹni náà. Ọkùnrin ọ̀hún ń fa ọ̀rọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa ẹran kúrò láàárín eyín, ó sì ń dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó lè gbádùn rẹ̀. Ọ̀gá Sítọ̀ yínmú. Ó kórìíra irú wọn. Irú wọn kì í tó nǹkan lóde, ìdí tábìlì oúnjẹ ni wọ́n ti ń jọba.

“Ta ló fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́?” ni ọkùnrin náà ń wí. “Kí lo mọ̀? A, bí, dí ni. Ọmọ tí kò tíì hu eyín mọ̀ ọ́n.”

Ohùn obìnrin kan dáhùn, ó kéré, ó jìn díẹ̀ sí fóònù. “Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n wá iṣẹ́.”

“Èmi? N ò sọ bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀gá Sítọ̀ mọ gbólóhùn ara rẹ̀. Ó pa ohùn náà lẹ́nu mọ́ kíákíá, ó wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ṣì ń gbálẹ̀ ní yàrá kejì. Ó rẹ ohùn náà sílẹ̀, ó gbé fóònù mọ́ etí, ó ṣí òmíràn. Òun náà ni. Ó ṣí ẹ̀kẹta, ó ṣí ẹ̀kẹrin: ọ̀rọ̀ iyọ̀, ọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń rìn, ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀, àti láàárín gbogbo rẹ̀, bí ègbè orin, èmi kọ́, n ò sọ bẹ́ẹ̀, ìwọ lo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ta ló mọ̀ pé ẹnìkan ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀, tó ń gbà wọ́n ní odidi?

Ó lọ sísàlẹ̀ pátápátá, síbi tí àwọn ohùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó mọ ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí wọ́n pe nọ́ọ̀sì wá parí ìjà ni. Ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ òun wí níwájú àlejò pé ẹ̀rín òun dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ọ̀gá Sítọ̀ fọwọ́ lé orí búra pé òun kò sọ ọ́ rí, ó sì búra náà dáadáa débi pé òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́. Nọ́ọ̀sì kọjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní, “Bóyá o ṣì í gbọ́ ni.” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tán sí. Ó tán lọ́kàn Ọ̀gá Sítọ̀, ká ṣáà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ohùn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló wà létí rẹ̀ báyìí. “Ṣé o rí i?” ni ọkùnrin inú fóònù ń wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. “Kò sẹ́ni tó máa gbà ọ́ gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ gan-an kò gbà ọ́ gbọ́.” Ilẹ̀kùn kan tì. Ọ̀gá Sítọ̀ ti fẹ́ pa á. Ìgbà náà ni obìnrin inú fóònù sún mọ́ tòsí, ó sì sọ ọ́ fún ara rẹ̀, ní jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka àdúrà:

“Ó sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ. Orí mi pé.”

Ọ̀gá Sítọ̀ wo ibi tí ẹrù ń gbà jáde, bí olùtọ́jú sítọ̀ ti máa ń wò ó. Ta ló fi wọ́n ránṣẹ́ sí? Kò fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹnì kankan. Kò fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò fún àlùfáà, kò fún agbẹjọ́rò. Èyí gan-an ló bà á lẹ́rù jù.

“Ẹ ti débẹ̀,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Kò mọ ìgbà tó wọlé. Ó ti wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ó ti di irun rẹ̀ sẹ́yìn, eruku ṣọ́ọ̀kì wà ní ìka rẹ̀.

“Kí ni gbogbo èyí?”

“Ohùn yín ni.”

“Mo mọ̀ pé ohùn mi ni. Ta lo fẹ́ gbé e fún?”

“Èmi ni mo gbà á fún.”

“N ò…” ó wí, ó dúró. Fóònù wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí gbólóhùn náà kò rí ọ̀nà jáde.

Ìyàwó rẹ̀ wo ojú fèrèsé. “Bí ẹ bá kó wọn kúrò, ṣé ààyè á tó?”

“Á tó. Á ṣẹ́kù.”

“Ẹ kó wọn kúrò.”

“Gbogbo rẹ̀?” Ó ti pa fọ́tò rẹpẹtẹ láti àárọ̀, títí kan ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, kò sì rí ojú ara rẹ̀ nínú ọ̀kankan. Inú àwọn ohùn wọ̀nyí nìkan ni òun wà nínú fóònù náà. “O ò ní mú ọ̀kan sílẹ̀?”

“Kí n fi ṣe kí ni? Mo ti gbọ́ wọn tó.”

Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sàmì sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí fóònù bi í bóyá ó dá a lójú, ó tẹ̀ ẹ́. Ó lọ sí àkìtàn, ó dà á nù níbẹ̀ pẹ̀lú, bí ẹni ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ tó fẹ́ wọ̀. Ọ̀gá Sítọ̀ ń wá ìbínú lójú rẹ̀. Ó ń wá ẹ̀gàn. Ì bá sàn fún un kí ó yínmú. Ẹni tí a ń yínmú sí, a ṣì rí i ni.

“Ẹ ṣé,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, bí ènìyàn ti ń wí i fún ẹni tó bá a di ilẹ̀kùn mú, ó sì jáde.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dìde tẹ̀lé e. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kejì, ó di fóònù mú gbọn-in. Bó ti rí Ọ̀gá Sítọ̀ tó ń bọ̀, ó fi ìka lé ètè. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ wo ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ yín,” ni ohùn kan ń wí nínú yàrá. “Kí lẹ rí? Òjìji yín ni. Ẹ bá sáré, á sáré. Ẹ bá jókòó, á jókòó. Aláfarawé ni, kò lẹ́nu, kò létí, ṣùgbọ́n kì í fi yín sílẹ̀.”

Ohùn náà mọ́, ó ga, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀ bí oyin nínú afárá. Ọ̀gá Sítọ̀ dúró. Kò gbọ́ ohùn yìí nínú ilé yìí rí. Ikọ́ kan gbé e lọ́fun, ó gbé e mì. Bó bá wú u, á wọ inú fídíò, wọ́n á sì gbọ́ ọ ní ìlú kejì.

“Ó dáa,” ni ohùn náà wí. “Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, níbo ni òjìji ń lọ? Ẹ má kánjú. Ẹ rò ó dáadáa, kí ẹ wá sọ fún mi.”

Kò sí ọmọ kankan nínú yàrá náà. Àga òfìfo ni, àti ògiri. Síbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ dúró dè wọ́n. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo àga kan, ó ń wo òmíràn, ó ń fún ọmọ tí kò sí níbẹ̀ láyè láti rò ó, láti ṣì í, láti tún un rò. Ọ̀gá Sítọ̀ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìdákẹ́ náà gùn. Ó wá inú ara rẹ̀ lọ, bó ti mọ sítọ̀ tú tó, ó wá a títí dé ìsàlẹ̀, bóyá òun ti fi irú ààyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó òun rí, lẹ́ẹ̀kan péré.