Aṣọ Tí Omi Kọ́kọ́ Wọ̀n

Susanna ki apá méjèèjì bọ inú bàsíà, ó fún aṣọ kákí náà, omi aláwọ̀ ewé sì ń ṣàn lọ sí gọ́tà.

"Ìyá alágbàfọ̀, ẹ kú iṣẹ́," Gbóyèga, aránṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, ké sí i. "Èmi ti rán tèmi tán o."

Ìyáàfin Ṣeunfúnmi tó ni iléèwé kan ní Ìgàndò ló fún àwọn méjèèjì ní irú aṣọ kan náà. Ó ní kí kálukú rán ẹyọ kan fún Iyìolúwa, ọmọ kíláàsì kẹta. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni yóò rán ti gbogbo iléèwé. Ọdún mẹ́ta ni Susanna ti ń ránṣọ ní ìsọ̀ yìí. Sípù tó bàjẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbé wá bá a.

"Ẹni tó tà á ní kò lè súnkì," ni Gbóyèga wí.

"Tẹnu tirẹ̀ nìyẹn. Omi á sọ tiẹ̀."

"Súnkì, súnkì. Ṣebí òyìnbó ló mú ọ̀rọ̀ yẹn wá, jàre."

"Ìyá ìyá mi kò gbọ́ òyìnbó. Ata ni wọ́n ń sá l'Ógbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ohun tó bá súnkì, ṣe ló sún mọ́ra, bí ohun tí wọ́n kì sápò. Wọn kì í wọn ata títí á fi súnkì tán."

Nígbà tí aṣọ gbẹ, Susanna fi téèpù wọn àárín àwọn àmì òwú pupa tó ti ṣe sí i kó tó fọ̀ ọ́. Ó ti fi ìwọ̀n ìka méjì dín. Ìgbà yẹn ló tó mú sísọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyáàfin Ṣeunfúnmi gbé aṣọ méjèèjì jáde ní iléèwé. Ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti sá wọn. Iyìolúwa wọ ti Gbóyèga. Apá aṣọ sá kúrò lọ́rùn ọwọ́, bọ́tìnnì kò kan ihò rẹ̀.

"Mà, kò jẹ́ kí n mí dáadáa."

Ó wọ ti Susanna. Ó nawọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún jókòó. Kò síbi tó fún un.

"Ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀ ti àwọn yòókù?" ni Ìyáàfin bi í.

"Lónìí, mà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ti omi ni."

Ìyáàfin rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n kó ìdì aṣọ fún un. Susanna gbé e lérí. Gbóyèga dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà ṣe é o."

"Gbóyèga, yá mi ní bàsíà rẹ. Tèmi nìkan kò ní í tó."

"Ó wà lẹ́yìn ìsọ̀ mi, mà."

Susanna tún òṣùká rẹ̀ ṣe, ó sì jáde.