Bátìrì Tó Wú

Ìyá Aládàá ń jowú. Ìgbàkígbà tó bá wọ ilé irinṣẹ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ògiri, níbi tí ẹ̀rọ ìgékoríko àti ẹ̀rọ tó ń rẹ́ ewé ọgbà wà lórí ìkọ́. Kò sí wáyà lára wọn. Bátìrì ló ń gbé wọn ṣiṣẹ́. Bàbá wọn ló rà wọ́n kó tó fi iṣẹ́ ọgbà sílẹ̀ nítorí ẹ̀yìn ríro, àbúrò ló sì kó wọn fún. Àdá ló fún Ìyá Aládàá tó jẹ́ àkọ́bí, òun ló sì fi ń ṣe iṣẹ́ ọgbà tirẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé tó fi jẹ́ òun?" ó ti béèrè rí.

"Ìwọ kì í tọ́jú nǹkan," bàbá fèsì. "Àdá tí mo fún ọ, ìta ni òjò ń pa á sí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun, torí òótọ́ ni. Láti ìgbà náà, bí àbúrò bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó yọ bátìrì kúrò, tó nu koríko lára irin, tó wá kó àwọn bátìrì sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí oòrùn kì í dé, inú Ìyá Aládàá á máa ta bí ata.

"Ẹni tó ń kẹ́ irin báyìí," á sọ fún ọkọ rẹ̀, "kó kúkú máa pọ̀n ọ́n."

Ọkọ á rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i tí àbúrò gbé bátìrì kan sínú korobá oníyanrìn níta.

"Ó ti ń wú, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ gbé e lọ fún àwọn tó ń gba ògbólógbòó bátìrì, kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi ohun inú rẹ̀ ṣe òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Àbí ẹ ò rí nǹkan: ẹni tó yó ń da oúnjẹ nù lójú ẹni tebi ń pa. Bí àbúrò ti lọ síbi iṣẹ́, ó gbé bátìrì náà pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń fún un níná, ó dì í sínú gèlè, ó gba ilé lọ. Ó so ó mọ́ iná mànàmáná lórí tábìlì pálọ̀, ó jókòó tì í, ó ń ro bí òun yóò ṣe wá ẹ̀rọ kan tó bá a mu, tí àwọn oníbàárà yóò sì máa wá òun kiri.

Kò pẹ́ tí òórùn rọ́bà tó ń jó fi gba inú ilé. Bátìrì ti wú bí ọ̀pọ̀lọ́, èéfín ń rú lára rẹ̀, aṣọ tábìlì ti ń dúdú. Ó fa wáyà yọ lára ògiri, ó sá síta. Ìgbéraga ní kó má pe àbúrò, èéfín ní kó pè é. Ó pè é.

Ọgbà ẹ̀gbẹ́ ilé ni àbúrò ti ń ṣiṣẹ́. Ó sáré dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ó fi gbé bátìrì náà jáde sí àárín àgbàlá, ó sì da yanrìn bò ó. Wọ́n dúró lókèèrè títí èéfín fi rọlẹ̀.

"Ṣé kò jó yín?"

"Rárá."

"Ẹ ò bá ti béèrè lọ́wọ́ mi."

"Kí n máa tọrọ lọ́wọ́ àbúrò?"

Àbúrò fi ṣọ́bìrì tì sílẹ̀. "Èmi náà ń jowú yín. Láti kékeré, bàbá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan àdá yẹn. Ó ní ti àkọ́bí ni."

Ìyá Aládàá gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀, ó da yanrìn kún ti àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí bátìrì náà ti tutù pátápátá, àwọn méjèèjì gbé e nínú yanrìn rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń gbà á. Ọkùnrin tó gbà á bá wọn wí dáadáa: bátìrì tó bá ti wú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so ó mọ́ iná mànàmáná mọ́. Àbúrò kò sọ ẹni tó ṣe é.

Owú náà kò tán. Àmọ́ nírọ̀lẹ́, àbúrò gbé ẹ̀rọ ìrẹ́wé lé e lọ́wọ́, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìlà tó rẹ́ wọ́ gan-an. Àbúrò wò ó, ó ní, "Ẹ máa bá a lọ."