Mi Ò Kúnlẹ̀

Nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ tiwa ní Adó-Èkìtì, ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìyannisípò kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Á jáde, á kúnlẹ̀, wọ́n á da òróró sí i lórí. Bó bá ti kúnlẹ̀, ó ti gbà nìyẹn.

Èmi Dùnmínínú, ọmọ Igbemo, ọdún méjì gbáko ni mo fi kọ́ iṣẹ́ olórí. Èmi ni mò ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì wa ní àdúgbò Òkè-Ìlá. Èmi ni mo kọ́ Ìmọ́lẹ̀olúwa, ọmọkùnrin tó wà ní ọdún kejì, bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè tó ń la èèyàn lójú. Kí n má purọ́, mo fẹ́ ipò ààrẹ. Ó wù mí gan-an ni, ojú ò sì tì mí.

Lọ́jọ́ Sunday ìyannisípò náà, Dádì Bámgbóyè, olùkọ́ girama tó jẹ́ alábòójútó wa, gba gbohùngbohùn.

"Ẹ̀mí ti sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí. "Ìmọ́lẹ̀olúwa ni ààrẹ. Dùnmínínú ni Màmá."

Àtẹ́wọ́ dún. Màmá, ẹ̀yin èèyàn mi, ni ẹni tó ń se ìrẹsì àlejò, tó ń fọ aṣọ tábìlì, tó sì ń bá àwọn arábìnrin wí nítorí síkẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó ń fún Màmá ní àyè láti darí ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ìmọ́lẹ̀olúwa ti kúnlẹ̀, ó ti dijú. Èmi náà jáde, mo dúró gbagidi.

"Kúnlẹ̀, ọmọ mi."

"Mi ò kúnlẹ̀, sà."

Ṣìkẹ́, Màmá tó ń gbé ipò sílẹ̀, fa aṣọ mi. "Jọ̀ọ́, a kì í bá Ẹ̀mí jiyàn."

"Ṣé Ẹ̀mí ò ní nọ́ńbà mi ni?" mo dá a lóhùn. "Kò pè mí o."

Dádì Bámgbóyè bínú débi pé èdè Adó yọ lẹ́nu wọn. "Kúnlẹ̀ ká lọ ulé jàre! Ta ló kọ́ ọ nírú èyí?"

Mo yọ ìwé tí mo fi gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olórí jáde nínú báàgì mi, mo ṣí i, mo kà á sókè. "'Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ gba iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì gbàdúrà lé, ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ló gbé òróró dání.' Ẹ̀kọ́ kẹta. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, sà."

Dádì Bámgbóyè bá gbé ìgò òróró yí sí Ìmọ́lẹ̀olúwa, kí wọ́n kúkú dà á sí orí tirẹ̀ ná.

Ìmọ́lẹ̀olúwa lajú.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan." Mo mọ ohùn yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ. "Èmi náà ò tíì gbàdúrà lé tèmi. Ṣé kí n dìde ni?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó dìde, ó gbọn eruku orókún rẹ̀ nù.